Ẹ̀rọ lè mọ ẹni tó máa gba ife, kò lè mọ ibi tí eré ti máa yí

   

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lórí pápá. Bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ ni. Ẹni tó bá rìn láti ibùdókọ̀ Mile 3 gba ẹ̀yìn ọjà lọ nírọ̀lẹ́ yóò rí i pé ibi mẹ́ta ni àwọn ọmọ wa ọkùnrin ń pé jọ sí: ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ilé gémù, àti ilé tẹ́tẹ́. Àríyànjiyàn kan náà ló sì ń lọ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ti mọ bọ́ọ̀lù ju èèyàn lọ, pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ló ti máa ń sọ ẹni tó máa gbé e, tí kì í sì í tàsé. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́n, kó tẹ̀lé ẹ̀rọ, kó sì fi owó tì í.

Àwa àgbààgbà jókòó, a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a sì bi àwọn ọmọ tó mọ̀ nípa gémù léèrè. Apá kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Apá kejì ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ sọ ọ́, ó sì ṣẹ

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ EA Sports. Àwọn ló ń ṣe gémù bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀ sí FIFA láti ọdún 1993. Lọ́dún 2023 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí EA Sports FC, nígbà tí àdéhùn àárín àwọn àti àjọ FIFA ti parí. Bí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé bá ti ń súnmọ́, ilé-iṣẹ́ yìí máa ń jẹ́ kí gémù náà fúnra rẹ̀ gbá gbogbo ìdíje ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ọmọ èèyàn kankan tó di páàdì mú. Ohun tó bá jáde ni wọ́n ń kéde fáyé.

Lọ́dún 2010, ẹ̀rọ ní Sípéènì ló máa gba ife ní South Africa. Sípéènì ló gbà á. Lọ́dún 2014, ó ní Jámánì ni. Jámánì ló gbà á ní Bùràsíìlì. Lọ́dún 2018, ó ní Faransé ni. Faransé ló gbé e ní Rọ́ṣíà. Lọ́dún 2022, ó ní Ajẹntínà ni, ó sì tún ní Lionel Messi ni wọ́n máa mú gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ níbẹ̀. Ajẹntínà gbé e ní Qatar, Messi náà ló sì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra! Kò sí bí ọmọdé ṣe máa gbọ́ irú èyí tí kò ní í la ẹnu sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí òògùn níbẹ̀, ẹ̀rọ kì í sì í ṣe wòlíì. Bí tíṣà ṣe ń fún ọmọ ilé-ìwé ní máàkì ni wọ́n ṣe ń fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù inú gémù náà ní máàkì. Wọ́n á fún un ní ti eré sísá, ti bọ́ọ̀lù gbígbá sáwọ̀n, ti kó mọ bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, ti bọ́ọ̀lù gbígbà lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, àti ti agbára tí kò fi ní í tètè rẹ̀ ẹ́. Máàkì tó ga jù ni 99. Bí ẹgbẹ́ méjì bá wá pàdé, ẹ̀rọ á fi máàkì tibí wé tọ̀hún, á sì wá mi ọ̀rọ̀ náà pọ̀, bí ẹni tó ń ta lúdò ṣe ń mi dáìsì nínú ife. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ ni dáìsì sábà máa ń gbè.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó ti lágbára tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ máa mú. Bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ ẹgbẹ́ tó lágbára? Sípéènì tí ẹ̀rọ mú ní 2010, òun ló gba ife ilẹ̀ Yúróòpù ní 2008. Jámánì tó mú ní 2014, ipò kẹta ló wà lágbàáyé ní 2010. Faransé tó mú ní 2018 ti dé àṣekágbá ilẹ̀ Yúróòpù ní 2016. Ajẹntínà tó mú ní 2022, òun ló gba ife ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ní 2021. Bí ẹ bá bi àgbà kan tó ń tún bàtà ṣe lẹ́bàá ọjà Mile 3, tó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kó dárúkọ ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ife lè já mọ́ lọ́wọ́, àwọn orúkọ yìí ló máa dá. Ẹ̀rọ gbìyànjú lóòótọ́, a kò ní fi ìyẹn dù ú. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ kò ju ohun tí gbogbo wa mọ̀ lọ: pé alágbára lágbára.

Ibi tí ẹ̀rọ ti ṣubú

Àṣírí tí wọn kì í sọ fún àwọn ọmọ wa nílé tẹ́tẹ́ ni pé, nínú ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, orúkọ ẹni tó gba ife ni ẹ̀rọ mọ̀. Kò mọ bó ṣe máa gbà á, kò sì mọ ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ti 2010. Ẹ̀rọ ní Sípéènì máa na Bùràsíìlì ní 3-1 nínú àṣekágbá. Ṣùgbọ́n Bùràsíìlì kò dé ibẹ̀. Họ́láńdì ti na wọ́n ní 2-1 nígbà tó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ilé ni wọ́n wà. Họ́láńdì ló bá Sípéènì wọ àṣekágbá, 1-0 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́ta, Arjen Robben ti Họ́láńdì ti ya gbogbo èèyàn sílẹ̀, òun àti aṣọ́lé nìkan ló kù. Iker Casillas ti ṣubú sí apá kan, ẹsẹ̀ tó kù sẹ́yìn ló fi yí bọ́ọ̀lù náà dànù. Ibẹ̀ gan-an ni eré ti yí. Ìṣẹ́jú 116 ni Andrés Iniesta tó gbá bọ́ọ̀lù tó gba ife sáwọ̀n. Máàkì wo ni wọ́n fẹ́ fún ẹsẹ̀ tó kù sẹ́yìn?

Lọ́dún 2014, ẹ̀rọ ní Jámánì máa na Bùràsíìlì ní 2-1 nínú àṣekágbá. Lóòótọ́ ni wọ́n pàdé, ṣùgbọ́n ṣáájú àṣekágbá ni, 7-1 ni wọ́n sì nà wọ́n. Ẹ̀yin náà rántí alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá lọ ra omi tútù nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, kó tó padà dé, góòlù mẹ́rin ti wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n ń tún góòlù kan náà fi hàn ni. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Ajẹntínà, Mario Götze tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ló wọlé, tó sì gbá góòlù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú 113. Àwọn ògbóǹkangí tó bẹ̀rẹ̀ eré kọ́ ló parí rẹ̀.

Ti 2018 ló pani lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀rọ ní Faransé àti Jámánì ló máa wọ àṣekágbá. Jámánì kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ rárá. Kòríà Gúúsù nà wọ́n ní 2-0, Jámánì sì gbé ẹ̀yìn láàárín àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ wà. Kroatia tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ló bá Faransé wọ àṣekágbá, tí Faransé fi nà wọ́n ní 4-2.

Ní 2022, ẹ̀rọ ní Messi máa gbá góòlù mẹ́jọ, pé kò ní í sí ẹni tó máa gbá tó o, àti pé Ajẹntínà máa na Bùràsíìlì ní 1-0 nínú àṣekágbá. Kroatia ló fi pẹ́nárítì lé Bùràsíìlì sílé. Kylian Mbappé ti Faransé ló gbá góòlù mẹ́jọ, méje ni ti Messi. Àṣekágbá tí ẹ̀rọ fi góòlù kan parí, góòlù mẹ́fà ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé orí pẹ́nárítì, 3-3. Ajẹntínà ti fi góòlù méjì ṣáájú títí di ìṣẹ́jú ọgọ́rin. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, Mbappé ti dá méjèèjì padà. Nígbà tó wá ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí àfikún àkókò parí, bọ́ọ̀lù bọ́ sí iwájú Randal Kolo Muani, òun àti aṣọ́lé Emiliano Martínez nìkan. Martínez na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, bọ́ọ̀lù bà á, ó padà. Bí bọ́ọ̀lù náà bá wọlé, Faransé ni ì bá gbé ife lọ, gbogbo àwọn tó ń pariwo pé ẹ̀rọ kì í tàsé ì bá sì ti pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun ẹ̀rọ yẹn, orí ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin kan ló dúró lé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Máàkì lè sọ ẹni tó lágbára. Kò lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa yí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa yí yẹn gan-an sì ni bọ́ọ̀lù.

Ká ní wọ́n bi ẹ̀rọ léèrè ní Atlanta

Ká má lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká wo tiwa. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1996, Nàìjíríà pàdé Bùràsíìlì nínú ìdíje Òlíńpíìkì Atlanta, eré tó ṣáájú àṣekágbá. Bebeto wà níbẹ̀, Roberto Carlos wà níbẹ̀, Ronaldo náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa sinmi, 3-1 ni Bùràsíìlì fi ń ṣáájú. Jay-Jay Okocha gba pẹ́nárítì, aṣọ́lé wọn mú un. Bí ẹ bá bi ẹ̀rọ léèrè ní àkókò yẹn, kí ló máa wí? Á ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ di ẹrù wọn.

Ní ìṣẹ́jú 78, Victor Ikpeba dá ọ̀kan padà. Ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, Nwankwo Kanu dá èkejì padà, ó di 3-3. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù nínú àfikún àkókò ti borí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni wọ́n lò níbẹ̀ tí Kanu tún fi jù ú sáwọ̀n. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, wọ́n na Ajẹntínà ní 3-2, Emmanuel Amunike ló gbá èyí tó kẹ́yìn nígbà tí eré fẹ́ parí. Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gba góòlù bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì nínú gbogbo Áfíríkà.

Ẹ wo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Taribo West, ọmọ tí wọ́n bí sí Port Harcourt níbí, wà lẹ́yìn. Dosu Joseph ló wà lẹ́nu ilé. Teslim Fatusi àti Abiodun Obafemi wà láàárín wọn. Ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù méjì, tí Múdà Lawal sì gbá ọ̀kan sílé Àlùjíríà, ọmọ Rivers kan, Adokiye Amiesimaka, wà nínú ẹgbẹ́ náà ní apá òsì. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Omagwa. Ọmọ onílẹ̀ àti ọmọ àlejò ti ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ ó ti pẹ́.

Gémù àfọwọ́gbá kò burú

Àwọn òbí kan, bí wọ́n bá ti gbọ́ gémù, igi ni wọ́n máa mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù pín ọ̀rọ̀ yìí sí méjì.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ọmọ kan di páàdì mú, ọmọ kejì di páàdì mú, ọpọlọ àti ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Ó ti pẹ́ tí irú èyí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ẹ rántí Winning Eleven tí ilé-iṣẹ́ Konami ti Japan ṣe, tí a fi ń lo PS2. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú gémù yẹn tó jẹ́ pé ìjà ló máa ń dá sílẹ̀: Ọbáfẹ́mi Martins. Ẹni tó bá ti mú Inter Milan, tí Adriano tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dà bí ìbọn wà níbẹ̀, tí Martins tí ẹnikẹ́ni kò lè sá bá tún wà níbẹ̀, àwọn tó kù á ní àwọn ò gbá mọ́. Nílé gémù mìíràn, òfin ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mú Inter. Ọmọ Ikwerre, ọmọ Ogoni, ọmọ Igbo, gbogbo wọn ló ń pariwo orúkọ ọmọ wa. A kò lè ní ìyẹn burú.

Irú gémù yìí ti di iṣẹ́ fún àwọn kan lókè òkun. Lọ́dún 2018, ní gbọ̀ngàn O2 ní London, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Saudi Arabia kan, Mosaad Aldossary, gba ife àgbáyé ti gémù FIFA. 250,000 dọ́là ni wọ́n fún un. Ó padà wá ní 2019 láti tún un gbà, ó sì dé àṣekágbá. Mohammed Harkous, ọmọ Jámánì tó ń jẹ́ MoAuba nínú gémù, ni wọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa gbá a, lórí ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Xbox ni ti àkọ́kọ́, PlayStation ni ti èkejì. Wọ́n ta ọ̀mì 1-1 ní àkọ́kọ́. Èkejì ni eré ti yí, Harkous borí ní 2-1, ó gba ife lọ́wọ́ ẹni tó ní i. Àwọn méjèèjì ló ní agbábọ́ọ̀lù tí máàkì wọn ga. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọwọ́, ìfaradà, àti ojú tó mọ ìgbà tó yẹ láti gbá bọ́ọ̀lù síwájú.

Nínú irú gémù yìí, ìgbà tí eré yí padà wà lóòótọ́, nítorí èèyàn ló yí i. Ọmọ tó bá pàdánù lónìí lè lọ kọ́ ọ sí i, kó padà wá borí lọ́la.

Èyí tí kò sẹ́ni tó ń gbá a

Irú kejì ni èyí tí wọ́n ń fi hàn lára tẹlifíṣọ̀n nílé tẹ́tẹ́. Wọ́n ń pè é ní fáṣúà. Ẹgbẹ́ méjì á jáde, wọ́n á wọ aṣọ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sáré, wọ́n á gbá góòlù, ariwo èrò á máa dún. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀, ọ̀sán, òru, kò sinmi. Wọ́n ní líìgì, wọ́n ní tábìlì, wọ́n ní ẹni tó gba ife.

Ẹ gbọ́ o: kò sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Kò sí páàdì, kò sí ọwọ́, kò sí ẹsẹ̀ òsì Martínez, kò sí Kanu. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ ń fà jáde fúnra rẹ̀, bíi lọ́tìrì. Nọ́ńbà tó bá fà ló ti pinnu ẹni tó borí. Eré tí ẹ ń wò, aṣọ tí wọ́n fi bo nọ́ńbà náà ni. Nígbà tí ọmọ yín ń pariwo pé "gbá a, gbá a!", ó ti parí. Kò sí ibi tí irú eré bẹ́ẹ̀ ti lè yí, nítorí kò sí ẹni tó máa yí i. Ọmọ náà kò sì lè kọ́ ọ kó mọ̀ ọ́n lọ́la, nítorí nọ́ńbà ti àná kò mọ nọ́ńbà ti òní.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, bí ẹni ń ṣírò ọjà. Ká sọ pé ẹgbẹ́ méjì dọ́gba, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ borí. Bí owó náà bá tọ́, ẹni tó fi 200 náírà ta yẹ kó gba 400 bó bá jẹ. Ṣùgbọ́n ilé tẹ́tẹ́ kì í san èyí tó tọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ká ní 360 ni wọ́n ń san. Bí ọmọ bá ta ogún eré lójúmọ́, 4,000 náírà ló ti san. Bí orí bá bá a ṣe é tó fi jẹ mẹ́wàá, tó pàdánù mẹ́wàá, 3,600 ló máa gbà. Ó ti pàdánù 400 náírà lọ́jọ́ tí kò ṣoríire, tí kò sì ṣoríburúkú. Ní ọjọ́ mẹ́fà, 2,400. Ní oṣù kan, ó ti tó nǹkan bí 10,000. Bó bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ló ń lọ, nítorí ẹni tó pàdánù máa ń sọ owó di ńlá láti fi wá ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní òun máa dá aṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹ wo iná tó ń tàn nílé tẹ́tẹ́ nígbà tí iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò. Owó ta ni wọ́n fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa. Ìyá kan wá bá wa ní ìpàdé, ó ń ta ẹlùbọ́ àti èròjà ọbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀. Ó ti ku díẹ̀ kó gba fíríìdọ̀mù. Ìyá náà ti dá àjọ, ó ti kó owó fíríìdọ̀mù àti owó ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ náà pé kó lọ san án. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, owó náà ti wọ inú fáṣúà. Nígbà tí a bi ọmọ náà léèrè, kò purọ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé kọ̀ǹpútà kọ́ ló sọ pé Ajẹntínà máa gbé e? Mo rò pé mo ti ń mọ bó ṣe ń ronú ni."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ọmọ náà kò ya òmùgọ̀. Ó ti da nǹkan méjì pọ̀ ni. Ó gbọ́ pé ẹ̀rọ tó ń fi máàkì ṣírò mọ ẹni tó máa gba ife, ó wá gbà pé ẹ̀rọ tó ń fa nọ́ńbà náà ní ọgbọ́n tí èèyàn lè kọ́. A lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sì ní sùúrù, ó gbà pé kí ọmọ náà máa ránṣọ lọ́dọ̀ òun, kí òun máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba fíríìdọ̀mù, wọ́n ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, a ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin.

Èkíní, ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn sọ fún ọmọ pé kó má lọ síbi gémù. Ẹ bi í pé, "Ta ló di páàdì mú?" Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ dá àkókò fún un, lẹ́yìn iṣẹ́ àti ìwé kíkà. Bí kò bá sí ẹni tó di nǹkan kan mú, ẹ mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni.

Èkejì, owó fíríìdọ̀mù kò yẹ kó gba ọwọ́ ọmọ kọjá. Kí òbí mú un lọ bá ọ̀gá fúnra rẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe òfin láàárín yín.

Ẹ̀kẹta, àwọn ilé tẹ́tẹ́ fúnra wọn ló kọ ọ́ sára ògiri pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta. Bẹ́ẹ̀ ni a ń rí ọmọ tó gbé báàgì ilé-ìwé kọ́rùn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí dájọ́ pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ kì í ṣe ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Àbújá láti ṣòfin lé lórí ní àwọn ìpínlẹ̀, pé ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ibi jíjìn tí a fẹ́ gbé ẹjọ́ yìí lọ mọ́. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Rivers wà nítòsí wa. Àwa àlejò kò lè dá a gbé, ṣùgbọ́n a lè bá àwọn olórí àdúgbò àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀yà yòókù fọwọ́ sí lẹ́tà kan náà, nítorí kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni fáṣúà ń jẹ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ ká fún àwọn ọmọ ní ohun tó dára jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé gémù, ẹ bá wa ṣe ìdíje àfọwọ́gbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí kò sí owó tí wọ́n fi lélẹ̀, tí ọmọ onílẹ̀ àti ọmọ àlejò máa jọ gbá. Àwa máa wá ife, a máa wá ohun mímu tútù. Ẹni tó bá borí, a máa pe orúkọ rẹ̀ ní ìpàdé. Bí ọmọ bá gbá góòlù tó yí eré padà, tí gbogbo ilé hó yèè, ìdùnnú yẹn kò ní jọ ti owó ilé tẹ́tẹ́ rárá, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Ẹ bá wa sọ ọ̀rọ̀ yìí délé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ọmọ wa já sí asán. Ire o.